Irinṣẹ́ wo lẹ fi ń kún eré playdough àwọn ọmọ yín? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ẹ̀gbọ́n-àti-Àbúrò, Ìbàdàn
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Ọmọbìnrin mi ti pé ọdún 3 àbọ̀, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sì pé oṣù 16. Playdough, ìyẹn fúláwà pípò rírọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń mọ nǹkan, ni ẹ̀gbọ́n fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n ó ti ń sú u: á yí i róbótó, á tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, á dìde. Mo rí àpótí ńlá kan tó kún fún mọ́ọ̀dù ike, owó rẹ̀ ò kéré rárá. Kí n tó rà á, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀yin ń lò nílé? Bí ẹ bá mọ bí a ṣe ń po playdough fúnra ẹni, ẹ kọ́ mi. Àwọn méjèèjì ló jọ máa ń jókòó ti eré yìí, èyí kékeré sì ń kó ohun gbogbo sẹ́nu.

Tíṣà Jẹ́lé-ó-sinmi, Abẹ́òkúta
Ìyá wa, ẹ má tíì náwó yẹn. Mọ́ọ̀dù ike ló ń ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí ìka ọmọ ṣe. Ọmọ á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìràwọ̀ á jáde, ó tán. Ohun tó ń mú àwọn ọmọ kíláàsì mi jókòó pẹ́ ni nǹkan tí wọ́n lè lò ní oríṣiríṣi ọ̀nà.

Ẹ wo òòyà. Bí wọ́n bá fi wọ́ ọ kọjá lórí playdough pẹrẹsẹ, ilà á jáde lọ́wọ̀ọ̀wọ́; bí wọ́n bá fi gún un, ihò ni. Àwọn aláàdìrẹ ẹlẹ́kọ pàápàá ń fi ìyẹ́ adìẹ ya àwòrán sára aṣọ, wọ́n sì ń fi òòyà fa ilà sínú ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi kun aṣọ náà kó tó gbẹ. Mo máa ń mú àdìrẹ wá sí kíláàsì, kí àwọn ọmọ wo ilà ara rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń tẹjú mọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń dùn mọ́ mi gan-an.

Lẹ́yìn òòyà, síríńjì oògùn tí kò ní abẹ́rẹ́. Wọ́n á ki playdough bọ inú rẹ̀, wọ́n á tì í, á sì jáde tẹ́ẹ́rẹ́: ó di irun, ó di núdù, ó di ejò. Títì yẹn ń fún àtàǹpàkò àti ìka lágbára, àwọn ìka yẹn náà ló sì máa di pẹ́ńsùlù mú lọ́jọ́ iwájú. Asẹ́ tíì náà dára. Bí wọ́n bá ti playdough gba inú rẹ̀, koríko wẹ́wẹ́ ló ń jáde. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì ọmọdé kún un. Ọmọ tí kò tíì lè gé bébà lè gé playdough tí wọ́n yí gígùn, torí pé bébà máa ń tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, playdough á dúró jẹ́ẹ́.

Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ síwájú ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ pààrọ̀ wọn.

Alábúrẹ́dì Òṣogbo
Pípò rẹ̀ ni mo lè bá yín sọ. Fúláwà ife 2, iyọ̀ ife 1, omi ife 2, òróró ṣíbí ìmùbẹ̀ 2, cream of tartar (ìyẹ̀fun funfun kan tó kan) ṣíbí tíì 4. Ẹ ó rí cream of tartar lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta èròjà kéèkì. Bí kò bá sí, oje ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ìmùbẹ̀ 2 lè dípò rẹ̀.

Ẹ po gbogbo rẹ̀ nínú ìkòkò kí ẹ tó gbé e kaná, kí kókó rẹ̀ tú tán. Iná díẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ máa rò ó bí ẹni ń ro àmàlà títí á fi kúrò lára ìkòkò, tí á di odidi kan, tí kò sì ní lẹ̀ mọ́wọ́ mọ́. Ẹ dà á sórí tábìlì, ẹ jẹ́ kó lọ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ wá fọwọ́ pò ó dáadáa. Ibẹ̀ ló ti ń jọ̀lọ̀.

Àwọn kan máa ń fi omi tútù pò ó láìgbé e kaná. Mi ò fara mọ́ ọn, pàápàá níbi tí ọmọ ti ń kó nǹkan sẹ́nu: fúláwà tí kò rí iná lè ní kòkòrò àrùn bíi salmonella àti E. coli nínú. Iyọ̀ ni kì í jẹ́ kó tètè bàjẹ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ kan náà ló ń fa omi inú afẹ́fẹ́. Nítorí náà, lásìkò òjò á máa lẹ̀ mọ́wọ́. Ẹ bu fúláwà díẹ̀ sí i, kí ẹ tún un gbé kaná. Lásìkò ọyẹ́ á gbẹ kíákíá; ẹ fi omi ra ọwọ́, ẹ tún un pò. Inú ike tó ní ìdérí líle ni kó máa wà. Bó bá bu, tàbí tí òórùn rẹ̀ yí padà, ẹ dà á nù.

Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti èyí kékeré. Bó bá fi ahọ́n tọ́ playdough wò, ó ṣeé ṣe kó tu ú dànù fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá gbé ẹ̀kúnwọ́ mì, iyọ̀ yẹn ti pọ̀ jù fún ọmọ oṣù 16. Kí àgbà má kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí ẹ bá ní ajá nílé, ẹ gbé playdough jìnnà sí i pẹ̀lú. Irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ lè pa ajá.

Ohun tí mo fi ń wọn nǹkan ni páálí tó máa ń kù nídìí tísù ilé ìyàgbẹ́. Ohunkóhun tó bá gba inú páálí yẹn kọjá, kò gbọdọ̀ dé ọwọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3: ìlẹ̀kẹ̀, bọ́tìnì, ìdérí ìgò omi, ẹ̀wà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ń fún ọmọ ní ẹ̀wà láti fi ṣe ojú àti imú ère. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ẹ̀wà kúrò. Bó bá wọ imú ọmọ, á mu omi, á wú, yíyọ rẹ̀ á sì di iṣẹ́ dókítà. Ohun ìṣeré tó ń tànná tó ní bátìrì pẹlẹbẹ kékeré ló burú jù. Ọmọ tó bá gbé bátìrì yẹn mì, láàárín wákàtí 2 ó lè ti jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham
Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ o. Ara ọmọ tèmi kò gba àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe fúláwà, bẹ́ẹ̀ sì ni Play-Doh tí wọ́n ń tà ní àlìkámà nínú. Ẹ máa ka ohun tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀ kí ẹ tó pe ọmọ ẹlòmíì wá bá tiyín ṣeré. Plasticine, irú amọ̀ ìṣeré kan tí kò ní fúláwà, ni èmi ń lò. William Harbutt ló ṣe é nílùú Bath ní England níbí lọ́dún 1897, kì í sì í gbẹ bíi ti playdough. Ó le díẹ̀, ọmọ ní láti fi ọwọ́ mú un gbóná kó tó rọ̀.

Ohun ìta ni mo fẹ́ràn jù láti fi tẹ àmì sára rẹ̀. Ewé: ẹ̀yìn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ dà bolẹ̀, torí ẹ̀yìn ni iṣan rẹ̀ ti yọ. Èèpo igi. Ìkarawun ìgbín tí a ti sè, tí a sì ti fọ̀ mọ́. Ẹ béèrè àjákù aṣọ lọ́wọ́ télọ̀ pẹ̀lú. Léèsì àti aṣọ òkè máa ń fi iṣẹ́ ara wọn sílẹ̀ kedere.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta, Ìlọrin
Ẹ má gbàgbé amọ̀ gidi. Àwọn ìyá amọ̀kòkò ní ibùdó ìmọ̀kòkò Dada, ládùúgbò Òkèlele níbí, ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, mo sì máa ń kó àwọn ọmọ lọ wò wọ́n. Amọ̀ ò ní fúláwà, kò ní iyọ̀, gbogbo apá ló sì ń gbà kó tó gbọ́ràn. Abọ́ omi kékeré kan ni kẹ́ ẹ gbé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣe tán, aṣọ tútù ni kẹ́ ẹ fi nu ilẹ̀. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ, eruku rẹ̀ ò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ìyá Ẹ̀gbọ́n-àti-Àbúrò, Ìbàdàn
Ọlọ́run á bá wa wò wọ́n o, ẹ ṣeun gan-an. Mi ò ra àpótí yẹn mọ́. Àwọ̀ ńkọ́? Kí sì ni kí n fún èyí kékeré nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ń ṣe tirẹ̀?

Alábúrẹ́dì Òṣogbo
Ẹ fi omi sóbò dípò omi lásán, á pọ́n. Oje ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí cream of tartar yẹn ló ń jẹ́ kí pupa rẹ̀ dúró. Àtalẹ̀ pupa fún yẹ́lò, àmọ́ aṣọ tó bá bá a lára kì í mọ́ bọ̀rọ̀. Omi ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí a gún fún àwọ̀ ewé. Bí ẹ bá fẹ́ kó máa ta sánsán, ẹ lọ kànáfùrù díẹ̀ sí i.

Tíṣà Jẹ́lé-ó-sinmi, Abẹ́òkúta
Fún èyí kékeré, èbà tó ti tutù. Bó bá jẹ ẹ́, ó jẹun náà nìyẹn.

Màmá Àgbà Ìjẹ̀bú-Igbó
Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, èmi ò ní fọwọ́ sí ti èbà. Ọmọ tí a bá fi oúnjẹ kọ́ ní eré, báwo la ṣe fẹ́ sọ fún un lórí tábìlì pé kó má fọwọ́ pa á kiri? Kí ẹ bu omi sínú abọ́ fẹ̀ǹfẹ̀, kí ẹ fún un ní kàn-ìn-kàn-ìn ńlá kan àti ife ike. Á máa fún un, á máa da omi, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa lágbára. Kí ẹ jókòó tì í ni o, omi ò ṣeé fi ọmọ sí.

Tíṣà Jẹ́lé-ó-sinmi, Abẹ́òkúta
Ẹ̀yin ìyá wa, mo gbà. Ti omi yẹn dára ju tèmi lọ.

Ìyá Ẹ̀gbọ́n-àti-Àbúrò, Ìbàdàn
Omi àti kàn-ìn-kàn-ìn ni màá lò, Mà. Ẹ ṣé gan-an. Tíṣà, síríńjì wo ni kí n rà?

Tíṣà Jẹ́lé-ó-sinmi, Abẹ́òkúta
Ti mílílítà 20, tuntun, láti ilé ìtajà oògùn. Ẹ fi ọ̀bẹ gé ẹnu rẹ̀ kúrò kí ihò rẹ̀ fẹ̀, nítorí ihò tó bá a wá ti kéré jù, kí ẹ sì fi sáńpépà ha etí ibi tí ẹ gé. Rọ́bà dúdú orí ọ̀pá rẹ̀ lè yọ, kò sì gbọdọ̀ dé ọwọ́ àbúrò. Bí playdough bá le jù láti jáde, ẹ fi òróró díẹ̀ pò ó.