Èsì àyẹ̀wò ihò ìdí mi ti jáde

Ẹ kú sùúrù o. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ̀wé, mo ní àyẹ̀wò ìtọ̀ mi kò fi nǹkan kan hàn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti rí kílàmídíà, àrùn tí èèyàn ń kó nípa ìbálòpọ̀, lára ẹnì kejì mi, ẹ̀rù àyẹ̀wò ihò ìdí sì ń bà mí. Mo ti ṣe é. Kílàmídíà wà níbẹ̀ lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ kò yún mi, kò ta mí. Ìtọ̀ kò lè sọ ohun tó wà ní ìdí.

Nọ́ọ̀sì fún mi ní igi tẹ́ẹ́rẹ́ olówùú lórí, ó ní kí n ṣe é fúnra mi nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo lóṣòó, mo rọra tì í wọlé ní bíi sẹ̀ǹtímítà 3, mo yí i po díẹ̀, mo fà á yọ, mo fi sínú ike rẹ̀, mo dé e. Ó rí bákan lára, àmọ́ kò dùn mí rárá.

Oògùn apakòkòrò doxycycline 100 mg ni mo lò, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 7. Ẹnì kejì mi náà ti lo tirẹ̀. Tó bá di oṣù 3, màá tún àyẹ̀wò ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n má gbára lé àyẹ̀wò ìtọ̀ nìkan, ẹ ṣeun gan-an ni.