Omi ewé mulberry mi ń dúdú kí n tó wọn pròtéènì inú rẹ̀

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Kábà ni mo wà. Mo fẹ́ yọ pròtéènì inú ewé mulberry kí n lè wo bí peroxidase rẹ̀, ẹ́ńsáìmù kan (pròtéènì tó ń mú ìyípadà kẹ́míkà yá), ṣe ń ṣiṣẹ́. Ewé kọ́ ni ìṣòro, igi náà wà lẹ́yìnkùlé ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Ìyàrà. Mo ń gún un nínú odó kékeré pẹ̀lú bọ́fà phosphate (omi tí kì í jẹ́ kí ìwọ̀n kíkan yí padà), pH 7, èyí tí kò kan. Ó máa ń kọ́kọ́ tutù yọ̀yọ̀. Kò pẹ́, á ti dúdú bí iṣu tí wọ́n bẹ tí wọn kò tètè rì sómi. Mo mọ̀ pé polyphenol oxidase, ẹ́ńsáìmù mìíràn nínú ewé, ló fà á: ó ń fi ọ́síjìn sọ phenol, irú kẹ́míkà kan inú ewé, di quinone, quinone á wá lẹ̀ mọ́ pròtéènì. Tí mo bá fi Bradford (ọ̀nà tí a fi ń fi aró wọn pròtéènì) wọ̀n ọ́n ní ìmọ́lẹ̀ 595 nm, ohun tí mo rí lánàá kọ́ ni mo ń rí lónìí.

Wọ́n ní kí n lo PVPP, ìyẹ̀fun kan tí kì í yòrò, láti gbá phenol mú, àmọ́ owó rẹ̀ ju agbára mi lọ. Màmá mi ní kí n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i (ẹ má rẹ́rìn-ín o), ṣùgbọ́n kíkan rẹ̀ lè mú kí pròtéènì dì. Fítámì C ńkọ́? Ẹ̀rù ń bà mí pé yóò da àyẹ̀wò peroxidase rú.

Ṣé dialysis (kí a fi awọ tó ní ihò kéékèèké sẹ́ ẹ) lè yọ fítámì C náà kúrò tán? Yìnyín tí mò ń rà lọ́wọ́ àwọn olómi tútù nìkan ni mo ní láti fi mú omi ewé náà tutù, iná kò dúró. Ṣé ọ̀jẹ̀lẹ́ ewé ni kí n lò ni?