Fíbà ilé mi tún ti kú, ọjọ́ kọkànlá rèé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, ni mo ṣe gbé e wá síwájú yín. Tokpota ni mò ń gbé. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni íntánẹ́ẹ̀tì ilé mi ti kú, èyí tó wà nílẹ̀ yìí sì pé ọjọ́ mọ́kànlá lónìí. Bó bá ti fẹ́ kú, iná pupa á tàn lójú bọ́ksì íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí wọ́n kọ LOS sí, kò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Mo bá pe ilé iṣẹ́ tó ń fún wa ní íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á ní kí n ní sùúrù, àwọn ti rán èèyàn. Ẹni tí wọ́n rán ò ní dé. Lẹ́ẹ̀kẹta tó kú, ọjọ́ kẹjọ ni ọmọkùnrin kan tó wá, ó gé etí wáyà tó wọ pálọ̀ mi, ó tún un so, iná di aláwọ̀ ewé, ó lọ. Kò lò tó ogún ìṣẹ́jú. Òjò ńlá tó tẹ̀ lé e ló tún pa á.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun ni ó dùn mí jù. Àwọn ọmọ ará wa tó wà ní Faransé ni mò ń kọ́ ní Yorùbá lórí fídíò, ọmọ mẹ́fà, lọ́jọ́ Ọjọ́rú àti Sátidé. Ọmọ ọdún méje kan ń gbìyànjú láti pe "gbàgbé", ó ti ń sún mọ́ ọn, àwòrán mi bá dúró gan-an lójú rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa padà wọlé, ó ti sunkún, ìyá rẹ̀ ti gbé e kúrò lójú ẹ̀rọ. Dátà fóònù ni mo fi ń gbé e báyìí, owó tó ń jẹ kì í ṣe kékeré, mo sì ti san owó oṣù fíbà sílẹ̀. Ọkọ mi ní kí n lọ jókòó sí ọ́fíìsì wọn títí wọ́n á fi dá mi lóhùn. Àbí kí n kúrò lọ́dọ̀ wọn? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Kétu
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ pa bọ́ksì náà, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún un tàn.

Afàwáyà
Ọmọ Kétu, ìyẹn ò lè ran èyí. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí. LOS pupa túmọ̀ sí pé ìmọ́lẹ̀ ò dé inú bọ́ksì rárá. Okùn gíláàsì tín-ín-rín ni fíbà, ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bó bá ṣẹ́, tàbí tí wọ́n ká a kọ́rọkọ̀rọ, tàbí tí omi wọ ibi tí wọ́n ti so ó, ìmọ́lẹ̀ á rẹ̀ tàbí kó tán. Ìyá Ìbejì, bí òjò bá ti rọ̀ ló ń kú, ọ̀ràn yín ò sí nínú pálọ̀. Ó wà nínú àpótí tó wà lórí òpó tàbí nínú ihò abẹ́ ilẹ̀. Ẹni tó ń gé etí wáyà nílé yín kò tíì fọwọ́ kan àìsàn náà.

Bó bá dé, ẹ ní kó fi ẹ̀rọ wọn ìmọ́lẹ̀ inú wáyà náà níṣojú yín. Nọ́ńbà tó ní àmì ìyọkúrò níwájú ló máa gbé jáde. Bó bá wà láàárín -15 sí -25, ó dára. Bó bá ti ń lọ sí -27, á ṣiṣẹ́ lónìí, á kú lọ́la. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà yẹn. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí àwọn ìbejì fojú wo ẹnu wáyà tó ti já; ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ kì í hàn sójú, ó sì lè ṣe ojú ní jàǹbá.

Ṣé àwọn aládùúgbò yín náà ń bá a kú?

Àǹtí Ṣábẹ̀
Èmi ti lọ sọ́dọ̀ Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ti sátẹ́láìtì lójú ọ̀run wá, ó ti wà ní Bẹ̀nẹ̀ láti 2023. Ṣùgbọ́n owó àwo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà wúwo, ó fẹ́ ojú ọ̀run tí igi ò bò, bí iná mànàmáná bá sì lọ, òun náà á lọ, àfi tí ẹ bá ní bátìrì. Ẹ má tíì náwó yẹn. Ẹ kọ́kọ́ jà fún èyí tí ẹ ti san.

Bàbá Ouando
Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ẹnu lórí fóònù ò ní ẹ̀rí. Kọ lẹ́tà ní Faransé: ọjọ́ tó kú, ọjọ́ tí o pè, nọ́ńbà ẹ̀sùn tí wọ́n fún ọ, ọjọ́ tí wọ́n wá. Béèrè pé kí wọ́n tún ibi tó bàjẹ́ ṣe gan-an, kí wọ́n sì yọ owó ọjọ́ mọ́kànlá náà. Ọkọ rẹ ò ṣìnà: lọ sí ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n má kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tìrẹ. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn ni wàá gbé lọ sí ARCEP ní Kùtọ̀nú, àwọn ló ń ṣàkóso ilé iṣẹ́ wọ̀nyí.

Bí wọ́n bá sì sọ pé okùn inú òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá láti òkèèrè ló já, má gbà. Ní oṣù kẹta 2024, nígbà tí àwọn okùn já lẹ́bàá Ivory Coast, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló mọ̀ ọ́n lára lọ́jọ́ kan náà. Kì í ṣe ilé rẹ nìkan.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Afàwáyà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yí àdúgbò ká. Ilé mẹ́ta ni ó kú fún, wákàtí kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń kú! Mo sì lọ wo òpó tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ìdérí àpótí dúdú tó wà lórí rẹ̀ ti ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń mì. Mo ya fọ́tò.

Afàwáyà
Ibẹ̀ ni. Ẹ fi fọ́tò náà sínú lẹ́tà, kí ẹ kọ ohun tó wà lára òpó náà sí i bí ó bá ní nọ́ńbà.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́
Bàbá, ṣé kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo?

Bàbá Ouando
Rárá. Kí kálukú kọ tirẹ̀, kó fi nọ́ńbà àdéhùn tirẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jọ gbé e lọ láàárọ̀ Mọ́ńdé, kí ẹ wọlé pa pọ̀.