Ká yọ "ìwé" kúrò lára "ìwé ìtọ́kasí"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Mo ka àbá tó wà nílẹ̀ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ yé kọ "Ìwé Ìtọ́kasí" sẹ́yìn iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, kó máa kọ "Àkójọ Orísun". Òótọ́ ni pé orúkọ àtijọ́ yẹn ti ń há jù. "Orísun" ni mi ò fara mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ lo ìtumọ̀ kan láti inú ìwé atúmọ̀ tí Ajayi Crowther tẹ̀ jáde ní 1843. Kò rí ìwé náà. Inú iṣẹ́ onímọ̀ mìíràn tó yọ ọ́ lò ló ti bá a pàdé. Crowther ni orísun, àmọ́ ìwé onímọ̀ kejì ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣí, òun náà ló sì yẹ kó tò sẹ́yìn. Bí àkọlé bá ti ń jẹ́ orísun, ọ̀pọ̀ ni yóò kọ Crowther síbẹ̀ bí ẹni tó ti fojú kàn án. Irọ́ nìyẹn. Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò dé ọ̀dọ̀ oníkàn, kó dárúkọ ẹni tó sọ fún un. "Ìtọ́kasí" gba ìyẹn láàyè.

"Ìwé" gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìjálá, ẹkún ìyàwó tàbí oríkì orílẹ̀, ẹnu abẹ́nà ìmọ̀, ìyẹn ẹni tó fún un ní ìmọ̀ náà, ló ti ń gbà á, ènìyàn kì í sì í ṣe ìwé. Fọ́nrán kì í ṣe ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó ti ìyá àgbà kan, ewì ìyá á kún orí kẹta fọ́fọ́, síbẹ̀ orúkọ ìyá ò ní sí níbì kankan, àfi "mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà" ní ojú ewé ìdúpẹ́. Ó ń dùn mí wọra. Àwọn tó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ ni orúkọ wọn wà lẹ́yìn, pẹ̀lú ọdún àti ibi ìtẹ̀wé!

Ẹnìkan lè ní APA, ọ̀kan lára àwọn ìlànà tí a fi ń kọ ìtọ́kasí, kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ àbánisọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan bá wa sọ, wọ inú àtòjọ ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n APA náà ní ká dárúkọ ẹni náà nínú iṣẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ tó sọ ọ́. MLA, ìlànà mìíràn, ní tirẹ̀ gba ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sínú àtòjọ.

Àbá tèmi ni "Àwọn Ìtọ́kasí" fún ohun gbogbo tí a nawọ́ sí nínú iṣẹ́, kí abẹ́nà ìmọ̀ ní ìsọ̀rí tirẹ̀ lábẹ́ rẹ̀: orúkọ, iṣẹ́, ìlú, ọjọ́ tí a fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ní ká má dárúkọ òun, ká kọ ìyẹn síbẹ̀. Èyí tí a kà tí a kò tọ́ka sí, mo pè é ní "àkàkún", ìyẹn ohun tí a kà kún un. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó dùn lẹ́nu jù ú lọ, kó mú un wá.