Òjò ọ̀sán ní Orlando: ohun tó ń dá eré dúró, àti bí ẹ ṣe lè to ọjọ́ yín

Òjò kọ́ ni ọ̀tá, mànàmáná ni. Ọ̀pọ̀ ohun tí èèyàn ń gùn ní àwọn ọgbà ìgbafẹ́ Orlando, ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, máa ń ṣiṣẹ́ nínú òjò wẹ́ẹ́rẹ́, àmọ́ bí mànàmáná bá ti wà nítòsí, gbogbo èyí tó wà níta ni wọ́n máa dá dúró, bí ilẹ̀ ibẹ̀ tiẹ̀ gbẹ. Ìdí nìyẹn tí oòrùn fi lè máa ràn lórí yín, tí wọ́n á sì ní kí ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Florida dà bí ahọ́n ilẹ̀ tó yọ sínú omi. Lọ́sàn-án, ilẹ̀ á gbóná ju òkun lọ, atẹ́gùn á wá fẹ́ wọlé láti Àtìláńtíìkì ní ìlà oòrùn àti láti òkun Mẹ́síkò ní ìwọ̀ oòrùn. Níbi tí méjèèjì bá ti pàdé, afẹ́fẹ́ gbígbóná á ru sókè, ojú ọ̀run á ṣú, àrá á sán. Àárín ilẹ̀ ni Orlando wà, wọ́n sì sábà máa ń pàdé lágbègbè ibẹ̀. Láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án, ẹ fi aago méjì sí mẹ́fà sọ́kàn. Bí fóònù bá sọ pé òjò 60% fún ọjọ́ márùn-ún gbáko, kò túmọ̀ sí pé ọjọ́ márùn-ún ti bàjẹ́. Wákàtí kan tàbí méjì lọ́sàn-án ló sábà máa ń jẹ́. Kàkà kí ẹ máa wo ìdá yẹn, ẹ wo àwòrán rédà, kí ẹ sì wo ibi tí òjò ń dorí kọ.

Nítorí náà, ohun ìta láàárọ̀, ohun abẹ́ òrùlé lọ́sàn-án. Ẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó ṣí. Ní Magic Kingdom, ọ̀kan lára àwọn ọgbà Disney, Seven Dwarfs Mine Train ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ gùn, torí ìta ló wà. Ẹ fi Space Mountain pamọ́ di ọ̀sán: láti 1975 tí wọ́n ti ṣí i, inú ilé ni gbogbo irin rẹ̀ wà.

*

Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi àwọn ibi tó ń tan èèyàn jẹ kún un. Test Track ní EPCOT, ọgbà Disney mìíràn, dà bí ohun inú ilé, àmọ́ níparí, ọkọ̀ náà máa ń já síta, ó sì ń sáré tó ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní wákàtí. Mànàmáná á dá a dúró. Spaceship Earth àti Living with the Land kò ní ìṣòro yìí.

Ohun tí èèyàn ń gbàgbé jù ni ọ̀nà àbọ̀. Skyliner, àwọn àpótí tó ń rìn lórí wáyà, máa ń dúró nígbà tí mànàmáná bá wà, ọkọ̀ ojú omi náà á dúró. Bọ́ọ̀sì ló kù. Ẹ mọ ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì kí òjò tó dé, torí gbogbo ayé ló máa rọ́ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

*

Ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe ń mọ ìgbà tí wọ́n á tún ṣí?

*

Ẹ kà á fúnra yín. Tí mànàmáná bá kọ, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá títí àrá fi máa sán, ẹ fi mẹ́ta pín in: iye kìlómítà tó fi jìnnà nìyẹn. Tí ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ kà kò bá tó ọgbọ̀n, ẹ wọlé. Lẹ́yìn àrá tó gbẹ̀yìn, ó yẹ kéèyàn dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bí òmíràn bá sì sán, kíkà á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ṣì máa rán ọkọ̀ òfìfo yípo láti yẹ irin wò. Nítorí náà, oòrùn lè ti yọ kí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ẹ má kúrò lọ́gbà nígbà yẹn! Ọ̀pọ̀ ti sá lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, ìlà á sì fúyẹ́. Tí ẹ bá ní Lightning Lane, àyè tí èèyàn ń sanwó fún láti gba ìlà tó yá, tí àkókò rẹ̀ bọ́ sí ìgbà tí ẹ̀rọ dúró, ẹ wo áàpù Disney: wọ́n sábà máa ń fi àyè míì rọ́pò rẹ̀.

*

Ní ti ẹrù: aṣọ òjò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sàn ju agboòjò lọ láàárín èrò, àmọ́ ẹ ká etí rẹ̀ mọ́ abẹ́ itan kí ẹ tó gun ohun tó ń sáré, kí atẹ́gùn má baà gbé e bo ojú yín. Ẹ má wọ jíìnsì. Bó bá mu omi, kì í gbẹ bọ̀rọ̀, á sì máa ha itan. Ẹsẹ̀ tútù nínú bàtà ló ń bó, nítorí náà ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ méjì gbígbẹ sínú ọ̀rá tó ṣeé dé pa, kí fóònù náà ní tirẹ̀. Lálẹ́, ẹ yọ ìtẹ́lẹ̀ inú bàtà, kí ẹ ki ìwé ìròyìn bọ inú bàtà náà, kí ẹ pààrọ̀ ìwé náà lẹ́yìn wákàtí méjì.

*

Fún ẹni tó ń lọ sí Kennedy Space Center, ibùdó tí wọ́n ti ń fi rọ́kẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ ní Florida: bí mànàmáná bá kọ láàárín nǹkan bíi kìlómítà 18 sí ọ̀nà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì máa gbà, wọn kì í sábà fi í ránṣẹ́ títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á fi kọjá. Bí àyè tí wọ́n ní bá kéré, wọ́n á sún un di ọjọ́ mìíràn. Ẹ má fi ìfiránṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì sí ọjọ́ tó kẹ́yìn ìrìn àjò. Ẹ fi sí ìbẹ̀rẹ̀, kí ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e wà lófìfo. Bí wọ́n bá sún un, Atlantis, ọkọ̀ tó ti lọ sí gbalasa òfúrufú, wà níbẹ̀ lábẹ́ òrùlé, láti 2013 ni wọ́n ti ṣí ilé rẹ̀ fún àlejò.