AI ń kọ kóòdù báyìí, kí ló kù fún èmi?

Olùbéèrè: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń fi kóòdù jẹun. Láti ìgbà tí ọ̀gá wa ti ní kí gbogbo wa máa lo AI, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń parí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sán kan. Kí n má bàa gbẹ́yìn, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á bó ṣe ń jáde. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kóòdù kan tí mi ò kà délẹ̀ yọ owó àwọn oníbàárà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé rẹ̀, mo kàn ń wò ni. Ṣé kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe AI fúnra rẹ̀ ni, àbí kí n wá iṣẹ́ mìíràn?

Èsì 1: Àbúrò, fara balẹ̀. AI kọ́ ló kó bá ọ, ohun tí o ò lè ṣàlàyé lo fọwọ́ sí. Kí èmi tó ní kó kọ nǹkan kan, mo ti kọ tẹ́ẹ̀sì sílẹ̀ ná, ìyẹn kóòdù kékeré tó ń yẹ iṣẹ́ náà wò bóyá ó ṣe ohun tó yẹ. Nínú ọ̀rọ̀ tìẹ: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, tí oníbàárà tún tẹ bọ́tìnnì, ṣé ẹ̀ẹ̀kan la máa gba owó? Ó yẹ kí sísan kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí èyí tó bá tún wọlé pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà má ṣe nǹkan kan mọ́. AI lè má rántí èyí bí o ò bá sọ ọ́. Iṣẹ́ kékeré kékeré ni kí o máa gbé fún un, èyí tí o lè kà tán.

Èsì 2: Ẹ má jẹ́ kí ìyára yẹn dẹ́rù bà yín. Ní 2025, METR, àjọ kan tó ń ṣèwádìí nípa AI, dán àwọn ẹnjiníà 16 wò lórí kóòdù tí wọ́n ti mọ̀ tipẹ́. Pẹ̀lú AI, àkókò tí wọ́n lò fi ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, síbẹ̀ àwọn fúnra wọn rò pé àwọn yára sí i. Àwọn irinṣẹ́ ti yí padà láti ìgbà náà o, ṣùgbọ́n aago ni kí ẹ fi wọn iṣẹ́ yín.

Èsì 3: AI tún máa ń hùmọ̀ orúkọ package (àkójọ kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ tán) tí kò sí. Àwọn oníjìbìtì lè fi orúkọ yẹn gbé tiwọn sórí npm tàbí PyPI, àwọn ibi tí a ti ń gba package, kí wọ́n máa retí ẹ. Yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó gbé e wọlé.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, AI náà ló ń bá mi kọ tẹ́ẹ̀sì.

Èsì 1: Hàà! Olè lo gbé ilé fún kó máa ṣọ́. Ó lè bá ọ tẹ̀ ẹ́, àmọ́ ìwọ ni kó sọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀. Ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ báyìí.

Olùbéèrè: Mo ti kọ ti owó ẹ̀ẹ̀mejì yẹn fúnra mi. Mo fi dán kóòdù ọjọ́sí wò, ojú ẹsẹ̀ ló kọ̀ ọ́.