Gbọ̀ngàn Kún, Owó Kò Wọlé: Ohun Tí Ojú Wa Rí ní Broadway

Ìrírí kìíní: ẹni tó ń júwe ìjókòó

Ẹ̀yin ará, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń fi tọ́ọ̀ṣì júwe ìjókòó fún àwọn òǹwòran ní ọ̀kan nínú àwọn gbọ̀ngàn eré Broadway ní New York. N kò ní dárúkọ gbọ̀ngàn náà. Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé bí gbọ̀ngàn bá kún fọ́fọ́, ìyẹn nìkan kò tó láti mọ̀ bóyá eré ń pa owó tàbí ó ti ń kú lọ.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mú wá, iye tí wọ́n rà á sì wà lára rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kejì, nígbà tí òtútù ti lé àwọn àlejò kúrò nílùú, mo gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta tí wọn kò mọ ara wọn rí, tí ìjókòó wọn sì tẹ̀ lé ara wọn lórí ìlà kan ṣoṣo. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ti àkọ́kọ́, mo rí dọ́là 139. Ti èkejì, tí wọ́n tà ní ẹ̀dínwó, jẹ́ 59. Lára ti ẹ̀kẹta, òdo ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó san 139 wò yíká, ó sì sọ fún mi pé ó dájú pé eré náà dára, nítorí òun kò retí irú èrò báyìí láàárín ọ̀sẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní kí ó gbádùn ara rẹ̀. Eré náà dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí tí èrò fi pọ̀ nìyẹn.

Ìdí rẹ̀ ni pé, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá wa ti pàṣẹ pé kí a kó gbogbo àwọn tó wà ní òkè pátápátá wá sí ìsàlẹ̀, kí a sì fi okùn dí àtẹ̀gùn. Àwọn tí a kó sọ̀kalẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni pé èmi ni mo ṣe wọ́n lóore. Wọ́n tún ti pín tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ fún àwọn olùkọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, kí ìsàlẹ̀ má bàa ní àlàfo, kí àwọn wọ̀nyẹn sì lè lọ ròyìn eré náà fún ẹlòmíràn. Iná ìtàgé kì í jẹ́ kí òṣèré rí òkè dáadáa. Ìsàlẹ̀ ló ń rí, bí ìsàlẹ̀ bá sì kún, ara rẹ̀ á yá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, eré yẹn kógbá sílé.

Gbọ̀ngàn 41 ni wọ́n ń kà sí ti Broadway, kò sì sí èyí tí ìjókòó rẹ̀ kéré sí 500 nínú wọn. Ìgbà mẹ́jọ lọ́sẹ̀ ni eré sábà máa ń wáyé, ọ̀pọ̀ sì máa ń sinmi ní ọjọ́ Ajé. Ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ Broadway League máa ń gbé iye owó tí eré kọ̀ọ̀kan pa jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá ti rí i pé èrò kún ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ìjókòó eré kan, wọ́n á ní iṣẹ́ wa ti dúró. Èmi kì í tètè yọ̀. Iye tí tíkẹ́ẹ̀tì kan ń lọ ní ìpíndọ́gba ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, nítorí pé nínú owó yẹn ni ẹni tó ni gbọ̀ngàn yóò ti gba tirẹ̀, àwọn òǹkọ̀wé àti olórin yóò gba tiwọn, òṣèré, onílù, aláṣọ, àwọn tó ń gbé pákó àti àwọn tó ń tan iná yóò gba owó iṣẹ́, wọ́n yóò sì san owó ìpolówó, kí ó tó wá kan àwọn tó dá owó jọ láti gbé eré náà kalẹ̀. Ó tún wọ́pọ̀ kí wọ́n kọ iye kan sínú ìwé àdéhùn pé bí owó tó wọlé bá wálẹ̀ jù ú lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì léra, onígbọ̀ngàn lè ní kí eré náà kó ẹrù rẹ̀ jáde fún òmíràn.

Ẹ wo eré olórin Spider-Man: Turn Off the Dark, tí wọ́n ná nǹkan bíi mílíọ̀nù 75 dọ́là lé lórí. Àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà tí ó pa ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú àwọn òṣèré tí ń fò lórí okùn àti àwọn ẹ̀rọ tí ń gbé wọn, gbogbo ìnáwó rẹ̀ ń jẹ ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ lọ́sẹ̀ kan, nígbà tí èrò sì dín kù, kò sí ibi tí wọ́n lè sá sí. Oṣù Kìíní ọdún 2014 ni ó parí, ọ̀pọ̀ owó àwọn olùdókòwò sì wọmi.

Ìrírí kejì: ẹni tó lọ wo Fẹlá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé. Èmi kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀dínwó tí ẹ mẹ́nu bà ló rán mi létí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní ọdún 2010. Mo lọ tò sí ìdí TKTS, ìsọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì tó wà ní Times Square, lábẹ́ àtẹ̀gùn pupa yẹn, níbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ náà ní ẹ̀dínwó láti ọdún 1973. Orúkọ àwọn eré wà lójú pátákó oníná, mo sì rí FELA!, eré olórin nípa Fẹlá Kútì, níbẹ̀ pẹ̀lú ìdajì owó. Kí n má purọ́, ojú tì mí. Mo ń sọ nínú ara mi pé, àbí wọn kò ra tiwa ni? Ìyá àgbàlagbà kan tó wà níwájú mi, tó ní òun ti ń tò síbẹ̀ láti ìgbà èwe òun, ló là mí lóye pé àwọn eré ńláńlá náà máa ń bọ́ sójú pátákó yẹn. Ìjókòó tó ṣófo ní aago mẹ́jọ alẹ́ kì í ṣe ọjà tí ènìyàn lè kó relé kí ó tún gbé e wá lọ́la.

Mo wọlé ní Eugene O'Neill Theatre, ní òpópónà 49. Nígbà tí òṣèré tó ń ṣe Fẹlá ní kí gbogbo wa dìde, kí a máa fi ìdí jó, ọkùnrin kan nítòsí mi di àga rẹ̀ mú gírígírí bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Èmi ti ń fi Yorùbá dáhùn láti ibi tí mo wà. Àwọn ará ẹ̀yìn rò pé mo wà lára àwọn òṣèré.

Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n ti yàn án láti díje fún 11 nínú àmì-ẹ̀yẹ Tony, tí wọ́n fi ń yẹ àwọn eré Broadway sí, mẹ́ta ni ó gbà: ti ijó, ti aṣọ àti ti ètò ìró. Eré mìíràn, Memphis, ló gba ti eré olórin tó dára jù lọ. FELA! parí ní ọjọ́ kejì oṣù Kìíní ọdún 2011, bí orúkọ Jay-Z àti Will Smith ti wà lára àwọn tó gbé e jáde tó. Memphis wà níbẹ̀ títí di oṣù Kẹjọ ọdún 2012. Lójú tèmi, àmì-ẹ̀yẹ kan ṣoṣo yẹn ni àlejò tó wọ̀lú fún ọjọ́ mẹ́ta máa ń wò kí ó tó tọwọ́ bàpò. Ó sì dùn mí, nítorí kò sí eré tí mo tún wò níbẹ̀ lẹ́yìn náà tó mú mi dìde lórí àga.

Ìrírí kẹta: ẹni tó ń sún un sí ọ̀la

Tèmi kò gùn. Láti ọdún 1988 ni eré olórin The Phantom of the Opera ti wà ní Majestic Theatre, nítorí náà gbogbo ìgbà tí ìyàwó mi bá ní kí a lọ wò ó, mo máa ń ní kò níbi tí ó ń lọ. Nígbà òòrùn ọdún 2022, mo rí tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀dínwó, mo fojú fò ó. Ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n kéde pé yóò parí ní oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, gbogbo èmi-àti-irú-mi ìlú sì rọ́ lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjà náà yá débi pé wọ́n sún ìparí rẹ̀ sí ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 2023. Ìgbà 13,981 ni wọ́n ṣe é. Mo san ju ìlọ́po méjì iye tí mo ti fojú fò lọ, òkè téńté ni mo sì jókòó sí. Ìyàwó mi kò bá mi wí. Ó kàn ń bi mí léraléra pé ṣé mo ń ríran.

Èsì láti ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àbúrò mi. Lónìí, fóònù ni wọ́n ń nà sí wa, ẹ̀rọ á dún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á kọjá, n kì í rí iye kankan mọ́. Àkókò tí wọ́n dé ni mo ń wò báyìí. Ẹni tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn á ti múra láti ọ̀sán, á tètè dé, á ya fọ́tò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó rà á ní ẹ̀dínwó ní wákàtí méjì sẹ́yìn á sáré wọlé nígbà tí iná bá fẹ́ kú, oúnjẹ á ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló kù kí iná kú, ẹnu ọ̀nà wa ṣì kún fún àwọn tó ń sáré. Lálẹ́ àná, aago méje kò tíì lù tí ìlà fi ti yí igun òpópónà.